Ètò Kọ̀ǹpútà Méjìlá Lówó Ẹyọ Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá bá mi pé kí n ra ètò kọ̀ǹpútà méjìlá lówó ẹyọ kan, màá lé e jáde nílé mi. N kò ní fi ọgbọ́n lé e, n kò sì ní rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ra irú ìdì bẹ́ẹ̀ tó sì ṣe wọ́n láǹfààní. Kí wọ́n máa yọ̀ nílé wọn. Èmi rà á ní Tokpota, àdúgbò kan nílùú wa, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí, ohun tó sì ná mi kò sí lórí ìwé tó kọ fún mi.

Akọ̀wé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìwé Faransé ni mò ń tẹ̀: ìwé ẹ̀rí, ìwé máàkì, lẹ́tà sí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń sá ní kíláàsì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé obìnrin tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n rí mú. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ni wọ́n rí mú, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú jù.

Avrankou ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ ló gbé mi wá sí Àjàṣẹ́, sínú agbolé kan tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọmọ méje ni ìyá ọkọ mi bí, ọkọ mi sì ni àkọ́bí. Àwọn méjèèje ni mo bá nílé. Ẹni tó bá mọ ìṣe wa á ti mọ ohun tí ìyẹn já sí: n kò gbọdọ̀ pe ìkankan nínú wọn lórúkọ. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn wọn, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n lọ sílé-ẹ̀kọ́. "Ọkọ mi" ni mo ń pè é nígbà náà, "ọkọ mi" náà ni mo ń pè é nísinsìnyí tó ti hu irùngbọ̀n tó sì ń fá a. Àwọn ìyàwó ìwòyí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ gbangba bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wọlé. Ẹnu wọn ni. Ẹnu tèmi kò gbà á.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ní ẹ̀bùn kan. Ó lè sọ bí òun ṣe bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti orí ohun tó ń wù ú jẹ nínú oyún títí dé orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá wọn sọ nígbà tó rí ọmọ. Kì í sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ńṣe ló máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà: ó ń bú agbẹ̀bí, ó ń bú òjò, ó ń bú ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé orí líle ló fi jáde. Bó bá bú wọn tán, yóò wá ki ọmọ náà ní oríkì tó jẹ́ ti ẹni yẹn nìkan, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi kí i káàbọ̀ sáyé. Ohùn rẹ̀ á rọ̀ wẹ̀ẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gúsí la jọ máa ń bó lọ́wọ́, omi á sì máa bọ́ lójú mi sínú igbá.

Kò sí èyí tó jókòó gbọ́ tirẹ̀ tán rí nínú àwọn ọmọ náà. Iṣẹ́ ò jẹ́, ọjà ò jẹ́. Èmi ìyàwó ni mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀ sórí fóònù mi, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é, nítorí Ìyá kì í kánjú. Bó bá sọ díẹ̀ lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún sọ òmíràn. Ohùn mẹ́rin ni mo gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣèlérí fún gbogbo wọn pé nígbà tí ilé bá pé jọ fún àdúrà ọdún tuntun, màá fún oníkálukú ní tirẹ̀ lórí fíláàṣì.

Èkejì ọmọ náà, obìnrin tó ń ta iṣu lọ́jà Akpro-Missérété, ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní, "Ìyàwó, àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé inú ọjà ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ délẹ̀ lẹ́nu Ìyá rí. Má gbàgbé tèmi o."

Mo ní, "Ọkọ mi, báwo ni mo ṣe máa gbàgbé tiyín?"

Bí mo bá ti gba ohùn kan tán, mo máa ń kó o sórí kọ̀ǹpútà ilé, mo sì máa ń pa á rẹ́ lórí fóònù, torí pé fóònù náà kò ní àyè. Àpò méje ni mo ṣí fún wọn lórí kọ̀ǹpútà. Mo kọ Akobi sára ti àkọ́kọ́, Ekeji sára ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Ekeje, ti àbíkẹ́yìn. N kò kọ orúkọ wọn. Ohun tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè, n kò rò pé ìka mi gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nínú àpò kọ̀ọ̀kan, mo sọ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Oko mi 1, Oko mi 2, Oko mi 3, Oko mi 4. Bó ṣe wà nínú àpò Akobi, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ti Ekeji àti ti gbogbo àwọn tó kù. Lójú tèmi, ó mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tó lè dà mí rú, nítorí pé àpò ló ń sọ ẹni tó ni ohùn.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ariwo pọ̀ nínú ohùn náà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, adìyẹ ń ké, àwọn zẹ́mì ń gbé alùpùpù wọn kọjá lójúde bíi pé ogun ń lé wọn. Nígbà mìíràn, ibi tí Ìyá bá ti ń ki ọmọ gan-an ni alùpùpù á ti kọjá lórí rẹ̀. Mo gbọ́ pé ètò kan wà tó lè yọ ariwo kúrò kó sì fi ohùn èèyàn sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mò ń wá tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn ní Tokpota.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Màdáàmù, èyí tí ẹ ń bèèrè yìí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sẹ́ẹ̀fà ni ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdì yìí. Ètò méjìlá ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹ fẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré. Pòrómò ni. Ọjọ́ Sátidé ló ń parí."

"Kí ni mo fẹ́ fi mọ́kànlá yòókù ṣe?"

"Màdáàmù, ẹ ò lè mọ̀ báyìí. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ lẹ máa mọ̀. Ẹ kà á sí èènì."

Èènì! Ọ̀rọ̀ yẹn ló tàn mí, mo sì mọ ọjà dáadáa. Ìyá tó bí mi tajà títí ó fi kú, èmi náà kiri ọjà kí n tó di akọ̀wé. Ẹni tó bá ra gàrí, gàrí ni wọ́n ń bù lé e ní èènì. A ò rí ẹni tó ra gàrí tí wọ́n wá fún ní bàtà ẹsẹ̀ kan, agbọ̀n tó ti já àti ìlẹ̀kùn, kí wọ́n ní èènì ni. Bí òǹtajà bá ń gbé irú ẹ̀ fún ọ, kó o yáa mọ̀ pé ńṣe ló ń wá ibi tó máa da pàǹtí rẹ̀ sí. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ṣì ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé mo ti ń tú pọ́ọ̀sì mi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló fi lé ti ẹyọ kan, ètò mọ́kànlá sì ni èrè. Ta ni kò mọ ìṣirò yẹn?

Nígbà tí mo délé tí mo kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló kọ́kọ́ bi mí léèrè orúkọ mi àti àdírẹ́sì ímeèlì mi, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi sílé. Àwòrán méjìlá wá tò sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ń lé kòkòrò. Ọ̀kan ń mú kí kọ̀ǹpútà yára, láti ọjọ́ tó sì ti wọlé ni kọ̀ǹpútà náà ti ń rìn bí arúgbó. Ọ̀kan ń sọ ojú èèyàn di funfun nínú fọ́tò. Èmi, dúdú ni mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń kọ́ èèyàn ní èdè àwọn ará Japan. Ọ̀kan ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà pamọ́ síbòmíràn, ọ̀kan sì ń gbálẹ̀: ó ń wá ìdọ̀tí kiri inú kọ̀ǹpútà, ó ń kó o dànù. Àwọn tó kù, n kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn di òní.

Mo ṣí èyí tí mo torí rẹ̀ rà á. Mo fi ohùn Ìyá sí i. Ó yọ ariwo òjò lóòótọ́, inú mi dùn débi tí mo fi pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejì, ó dúró gbọn-in. Ó kọ ọ́ sójú pé bí mo bá fẹ́ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n lọ san owó ẹ̀dà ńlá. Ìyá kì í tíì bú òjò tán ní ìṣẹ́jú méjì.

Mo padà sí Tokpota lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin náà ní, "Èyí tó máa ń wà nínú ìdì, ẹ̀dà kékeré ni."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ẹ ò bi mí, Màdáàmù. Ó sì wà lára páálí."

Mo yí páálí náà padà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà wínníwínní, ní èdè Faransé tí mò ń tẹ̀ jẹun. Ojú tì mí, mo sì kórìíra rẹ̀ nítorí pé ojú tì mí. Kò gbà á padà. Ó ní a ti tú u.

Ọkọ mi ní kí n gbàgbé rẹ̀, kí n lọ ra ẹyọ tí mo fẹ́ níbòmíràn, kí n sì kó ìyókù dànù. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó tí mo ti san ń ta mí lára. Mo ní nígbà tí mo ti sanwó fún méjìlá, ó kéré tán, kí n jẹ nǹkan kan lára wọn. Ohun tó burú jù nínú ìdì olówó pọ́ọ́kú nìyí, mi ò sì rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi kí n tó rà á. Ohun tí èèyàn kò nílò, bó bá ti lè sanwó rẹ̀, yóò máa wá iṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò ní ọ̀bẹ kì í gé ọwọ́ ara rẹ̀.

Ètò tó ń gbálẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Ní gbogbo àárọ̀, bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà, àpótí pupa kan á yọ sókè: ìdọ̀tí wà nílé rẹ, ìdọ̀tí wà nílé rẹ. Èmi tí n kì í jẹun kí n tó gbálẹ̀! Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo ní kó ṣe é. Ó wá kiri, ó mú orúkọ wá gbọọrọ, ó ní àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, òun máa fi ọ̀kan sílẹ̀, òun máa pa ìyókù rẹ́. Mo rí Oko mi, Oko mi, Oko mi tó ń kọjá lójú mi. Irọ́ kò sí nínú ohun tí mò ń sọ yìí: mo rí i. Mo rò pé ńṣe ló kàn ń ka ohun tó wà nínú ilé. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó gbá gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kí mi kú oríire, kọ̀ǹpútà mi ti mọ́. Mo dìde lọ se ọbẹ̀.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Ìyá ṣubú lẹ́bàá kànga. Nígbà tí a gbé e dé láti ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu sì ti wọ́. Ó mọ gbogbo wa. Ó máa ń fi ojú tẹ̀ lé èèyàn káàkiri yàrá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́, àfi ohùn kan tó ń dún láti ọ̀fun, tí kì í ṣe èébú, tí kì í ṣe oríkì. Dókítà ní kí a máa gbàdúrà. A gbà á, a sì ń gbà á títí di òní.

Èkejì ọmọ náà wá láti Akpro-Missérété lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Ó kó iṣu wá fún wa, ó jókòó ti Ìyá pẹ́. Nígbà tó jáde síta, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ìyàwó, mi ò lè dúró de ọdún tuntun mọ́. Jọ̀wọ́, fi tèmi sí i kí n gbọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sórí ẹsẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Mo ṣí àpò Ekeji. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo tì í, mo tún un ṣí. Mo ṣí Eketa, ó ṣófo. Mo ṣí gbogbo wọn títí dé ti àbíkẹ́yìn, bí ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti jí ẹrù inú rẹ̀ kó. Àpò Akobi nìkan ni nǹkan wà nínú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé síbẹ̀.

Ó béèrè pé, "Kí ló dé?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wá a dáadáa, pé iná ló ń ṣe kọ̀ǹpútà náà. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, òun ló sì jẹ mí níyà jù nígbẹ̀yìn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Tokpota ni mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ tààrà. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Màdáàmù, ètò náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Orúkọ ló ń wò. Ẹ sọ ohun mẹ́jọ mẹ́jọ ní orúkọ kan náà, ó rò pé ohun kan ṣoṣo ni."

"Méje ni, kì í ṣe mẹ́jọ."

"Méje. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló ń fi sílẹ̀. Akobi ló kọ́kọ́ rí, torí A ló ṣíwájú."

Mo ní, "Ètò tó ń ṣe ẹ̀dà pamọ́ ńkọ́? Ṣé òun kò ní i?" Ó tún wò. Ó ní ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé ó ń mú kí ibi ìpamọ́ bá kọ̀ǹpútà mu. Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ níbí, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Agbálẹ̀ náà kò sì ju nǹkan sínú agolo ìdọ̀tí kí èèyàn lè he é. Ó ń lọ̀ ọ́ kúnná ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i lò. Wọ́n tún fi ìyẹn yangàn lára páálí. Èyí jẹ, èyí nu ẹnu fún un. Mo sì ti sanwó fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo tún yọ̀ pé mo rí wọn rà ní pọ́ọ́kú.

Ọkùnrin náà wá ní ètò kan wà tó máa ń wá ohun tó ti sọ nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò lè ṣèlérí. Kò ní i ní ẹyọ kan. Inú ìdì mìíràn ló wà.

Mo bú u. Mo bú u débi pé àwọn tó ń ra káàdì ìpè lẹ́nu ọ̀nà wọlé wá wò wá. Obìnrin kan nínú wọn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá wa, ẹ ní sùúrù, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo mọ̀ pé ire ló ń ṣe, ṣùgbọ́n agbè ti fọ́. Ìyá wà nílé, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí omi mìíràn bù?

Ọkọ mi ló pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ. Ó ní ọ̀rọ̀ bí èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. A jókòó sí yàrá ìta, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìdì méjìlá, agbálẹ̀, orúkọ tó jọra. Àwọn ọkùnrin inú wọn ń mi orí. Àbíkẹ́yìn ní kò burú, kí n dìde nílẹ̀.

Èkejì wá ní, "Ìyàwó, jẹ́ kó yé mi. Ẹ̀rọ náà pa ti èèyàn mẹ́fà rẹ́. Ó dá ti ẹnì kan sí. Ẹni tó dá sí, ọkọ rẹ ni. Ta ló sọ fún un pé ọkọ rẹ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, A ló ṣíwájú nínú lẹ́tà. Akobi, A ni. Tiyín, E ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò dáa ní gbígbọ́. Ó ní, "A ló ṣíwájú. Nínú ilé yìí, ìgbà wo ni A kò ṣíwájú? Lọ́jọ́ tí mo wá, o ní iná ló ń ṣe é. Lónìí, lẹ́tà ló ń ṣe é. Kí ló dé tí o ò kọ orúkọ wa sára rẹ̀ bí èèyàn gidi?"

"Mi ò lè pè yín lórúkọ. Ọ̀wọ̀ yín ni."

"Ta ní kó o bọ̀wọ̀ fún mi nínú ẹ̀rọ? Ìyá mi ni kó o bá mi tọ́jú."

Ọkọ mi fọwọ́ gbá àga. Ó ní bó bá jẹ́ tòun tó kù ló ń bí wọn nínú, òun yọ̀ǹda kí a pa á rẹ́, kí gbogbo wa jọ wà bákan náà. Mo bẹ̀rù pé ẹnìkan á ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti inú yàrá, a gbọ́ ohùn tó ń jáde láti ọ̀fun Ìyá, bóyá omi ló fẹ́ mu, bóyá ó gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Èmi ni mo dìde lọ bá a.

Mi ò lè sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn. Mo ní ṣebí èmi ni mo jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ pa rẹ́, kò pa á rẹ́ lórí mi. Mo kọ ohun tí mo rántí nípa èkejì sínú ìwé, ojú ewé mẹ́ta, mo wọ zẹ́mì lọ sí Akpro-Missérété lọ́jọ́ ọjà. Mo bá a níbi tó to iṣu rẹ̀ sí. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tiyín fún yín. Mo rántí rẹ̀."

Ó wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń wo orúnkún mi ni, tàbí ìwé ọwọ́ mi. Ó ní kí n máa sọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí ìrọbí ṣe mú Ìyá láàárín àwọn oníṣu, bí àwọn obìnrin ṣe bọ́ ìborùn tí wọ́n fi yí i ká, bí agbẹ̀bí ṣe pẹ́ kó tó dé. Mo gbìyànjú láti bú agbẹ̀bí náà bí Ìyá ṣe máa ń bú u. Mo dé ibi oríkì. Ìlà méjì àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Ìkẹta kò wá. Mo wo inú ìwé, mo rí i pé àyè ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, bóyá bí mo bá sáré dé ibẹ̀ á yọ. Kò yọ. Ohùn mi náà kò jọ ti Ìyá. Ohùn akọ̀wé tó ń ka lẹ́tà ni.

Ó gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú mi lápá, ó gbé mi dìde. Ó fi etí ìró rẹ̀ gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún mi méjèèjì, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé tó ṣubú. Inú mi ti ń rọ̀. Mo rò pé ó ti dárí jì mí.

Ó ní, "Máa lọ sílé, ìyàwó. Máa bá wa kí Ìyá. Sọ fún ọkọ rẹ pé òun nìkan ni Ìyá bí."